Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Abẹ Kì Í Jiyàn

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lókè dígí: ẹni tó wà lábẹ́ abẹ kì í jiyàn. Bíríkìlà kan ló fa òfin náà. Ó ń jiyàn bọ́ọ̀lù lórí àga, ó yí orí lójijì, ó sì fi irun òkè ojú ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, oníbàárà tó bá ti jókòó, ó di odi títí aṣọ funfun á fi kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè sọ ohun tó bá wù wọ́n fún un, wọ́n sì máa ń sọ ọ́.

Ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni. Àlùmọ́gàjí ni gbogbo oníbàárà ń pè é, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn gbọọrọ. Bíríkìlà ní kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, nítorí eékún ń yọ òun lẹ́nu. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn, ní iṣẹ́ báńkì ló dáa, abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń jókòó sí. Àlùmọ́gàjí á ní òun ti gbọ́. Irun ló fẹ́ máa gẹ̀ ní tirẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti mọ̀ ọ́n, bó bá sì ti gbé kílípà lọ́wọ́, ńṣe ni inú rẹ̀ máa ń dùn ṣìnkìn. Fọ́ọ̀mù yunifásítì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré gbà, kò dé ìdí ẹ̀ rárá.

Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Kíláàsì kẹta girama ni ọkùnrin náà wà nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú, tó fi ìwé sílẹ̀ tó gbé abẹ. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í sọ ọ́ pé ẹnì kan nínú ilé yìí gbọ́dọ̀ wọ yunifásítì kí òun tó kú. Ní ìrọ̀lẹ́, á gba ìwé ọmọ náà, á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń kàwé ni àbí ó ń ṣeré, á sì di ìwé náà mú fún wákàtí méjì. Wọ́n jọ jiyàn lórí ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, bàbá sì jàre nígbà méjèèjì. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pá, kò ku ẹyọ irun kan. Òun àti bàbá á jókòó sí kọ̀rọ̀, wọn á máa sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bí Àlùmọ́gàjí bá yọjú, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ òjò.

Nígbà tí ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ tán, eyín bẹ̀rẹ̀ sí dun bàbá. Àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun ń lọ rí dókítà eléyín. Lọ́jọ́ kẹta, ó dé, ó jókòó, ó sì fọ́ egungun ẹran jẹ tán pátápátá. Oúnjẹ tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Òǹtẹ̀ yunifásítì ni Àlùmọ́gàjí rí lára rẹ̀, kí bàbá tó sáré tì í sábẹ́ épúrọ́ọ̀nù, tó sì gẹrun fún ẹni méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yé ọmọ náà pé bàbá ti lọ gba fọ́ọ̀mù fún òun lẹ́yìn òun. Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí okùn fi já lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ní kí bàbá àti ọmọ lọ fẹnu ara wọn bá ara wọn sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga.

“Gẹrun fún mi dáadáa,” ó ní. “Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò. Wọ́n ní etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn.”

Fọ́tò òbí tí yunifásítì ń béèrè nìyẹn, Àlùmọ́gàjí rò bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ó so aṣọ funfun mọ́ bàbá lọ́rùn, ó mú un le dáadáa, ó gbé abẹ.

“Bàbá mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

Bàbá lanu. Ọmọ náà fi abẹ tọ́ka sí ògiri, bàbá sì pa ẹnu dé.

“Mo mọ̀ nípa lẹ́tà yẹn. Mi ò lọ yunifásítì. Mo mọ̀ bó ṣe ń wù yín tó, ẹ má bínú. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo fẹ́. Bẹ́ ẹ bá lé mi, màá ṣí tèmi sí òdìkejì títì, màá sì gba bíríkìlà lọ́wọ́ yín.”

Èjìká bàbá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Abẹ yẹ̀, ó sì gba àárín orí kọjá. Kò sí àtúnṣe mọ́ ju kó fá gbogbo rẹ̀ lọ, bó sì ṣe ń fá a ni omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá, tí tirẹ̀ náà ń ṣàn. Tíṣà fi ìwé ìròyìn bo ojú níbi tó jókòó sí. Ìbànújẹ́ bo ọmọ náà, nítorí kò rí i kí bàbá rẹ̀ sunkún rí. Ó tú aṣọ funfun kúrò, ó sì dúró de ìjà.

Bàbá dìde tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán, ó fa lẹ́tà yọ lápò, ó fi orúkọ ara rẹ̀ tó wà níbẹ̀ hàn án, ó ní ìdánwò ni òun lọ ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta tí òun ní eyín ń dun òun, pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun ti ń wá bí òun á ṣe bẹ̀ ẹ́ kó bá òun dúró ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọjọ́ Mọ́ńdè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa wọlé, ó sì bi í bóyá á lè yá òun ní báàgì ìwé rẹ̀.