Ìsàmì Inú Ife

Ìgàndó, 1989. Pásítọ̀ ti wọ odò dé ìbàdí, ó ń nawọ́ sí mi.

"Máa bọ̀, Olútóyìn. Ìsàmì ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ìrìbọmi. A kò tíì tún ọ bí."

Bí mi ò bá wọ omi yìí lónìí, Pásítọ̀ kò ní so èmi àti Olútáyọ̀ pọ̀ di tọkọtaya ní Sátidé.

Olútáyọ̀ mi dúró létí odò, ó gbá bàtà mi mọ́yà bí ẹni gbá lẹ́tà ìfẹ́ mọ́ra.

"Mi ò wọ̀ ọ́, sà."

"Olórí kunkun! Ṣé ọmọ ọwọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìgbàgbọ́ ni?"

Ìjọ pariwo: "Kò mọ̀ ọ́n!"

"Ẹni tó gbé mi dání mọ̀ ọ́n, sà. Lọ́jọ́ ìsàmì mi, ara mi ti ń tutù. Kò sí àlùfáà nítòsí. Katikíìsì ìjọ wa àtijọ́ ló bu omi inú ife sí mi lórí, tó ń sunkún pé, 'Jésù, gbà á, tìrẹ ni.' Mo sì yè."

Pásítọ̀ fa ọwọ́ tó nà sí mi sẹ́yìn.

"Ṣé irọ́ lẹ wá pa fún Jésù lọ́jọ́ náà ni, Bàbá mi? Àbí kì í ṣe ọwọ́ yín yìí ló di ife náà mú?"