Abẹ́ Okùn Béèsì

Obìnrin náà gbé gìtá béèsì àtijọ́ ọkọ rẹ̀ lé tábìlì ọ̀gá tó ń tún gìtá ṣe.

"Ẹ bá mi là á lóhùn. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń dún gbì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ gbé báàgì yín sílẹ̀ ná, mà. Kò sólè níbí."

"Ó ti mọ́ mi lára bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ta okùn kan. Gbì.

"Fóòmù ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ ìdérí onírin yìí láyé àtijọ́, kí ohùn má bàa gùn jù. Bóyá ó ti gbó."

Ó tú ìdérí náà. Kò bá fóòmù.

Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ká sábẹ́ okùn.

Ó fà á yọ, ó tún okùn ta. Ohùn gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ṣé ká jù ú nù?"

Obìnrin náà na ọwọ́, ó gba ìbọ̀sẹ̀ náà. Omi kan ò bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀fọ̀ ọmọ wọn ṣẹ̀ wọ́n lọ́dún tó kọjá, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fẹnu kò pé àwọn ò ní fi ẹrù ọmọ náà kankan pamọ́.

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìbọ̀sẹ̀ kejì jáde.

"Ẹ ká méjèèjì síbẹ̀," ó ní. "Tí ọkọ mi bá ti ta okùn, á mọ̀."