Orí Tí Ayàwòrán Mì

"Ṣé kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́?" Tiwaladé bi ayàwòrán náà lédè òyìnbó.

Bàbá ará Albania yìí ti fi ogún ọdún ya fíìmù fún ìjọba ìlú rẹ̀ kó tó di aládùúgbò wọn ní òpópónà Alibon, ní Dagenham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì, ó sì gbé ojú padà sínú kámẹ́rà.

"Kò tíì múra, Màmá," ni Tiwaladé sọ fún ìyá rẹ̀.

Màmá fẹ̀yìn ti àga. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Adédìran ọmọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò gùn: òun ti dárí jì í. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò pè, látìgbà tí Màmá ti sọ pé ìyàwó rẹ̀ jí ẹ̀gbà ọrùn òun.

"Kó tó múra tán, ẹ jẹ́ n bi yín," ni Tiwaladé wí. "Ṣé lóòótọ́ ló jí i?"

Màmá wo kámẹ́rà, ó wo ilẹ̀. "Inú àpò Bíbélì mi ni mo ti rí i lọ́dún kejì. Ojú ló ń tì mí. Má sọ fún un o." Ó fi etí ìró nu ojú, ó sì tún gèlè ṣe. "Ó yá, kó tan kámẹ́rà."

Ayàwòrán ti ń ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Ó ní òun ti gbà á sílẹ̀ tán.

"Ah-ah! Ṣebí ẹ mi orí?" ni Tiwaladé kígbe.

"Ní Albania, ẹni tó bá mi orí báyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ."

Màmá wò ó títí. "Ọdún mélòó lẹ ti lò ní Dagenham?"

"Ọgbọ̀n ọdún, Mà."