Máàkì Ọkùnrin Ibùsùn Kẹta

Mo ń ro máàkì ọkùnrin ibùsùn kẹta pọ̀ lẹ́yìn páálí oògùn. Bébà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣòfò.

Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò yè.

Bí máàkì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyè ń jìnnà.

Tẹ́tẹ́ póòlù ni mo fi kọ́ ìṣirò. N kì í ṣì í ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àsàmáù ń ka fáìlì ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọ ọsibítù fún mi.

Ikùn kún fún omi: máàkì mẹ́ta. Ojú pọ́n bí epo: mẹ́ta. Kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀: mẹ́ta.

"Ọjọ́ orí?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

Limota, ìyàwó ọkùnrin náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ti ìjọba nìyẹn o! Ó gé ọdún mẹ́jọ kúrò kó má baà tètè fẹ̀yìn tì."

Mo kórìíra irọ́. Mo dá ọdún mẹ́jọ náà padà, máàkì tún gòkè.

Mo fa ìlà méjì sábẹ́ àròpọ̀.

"Kò lè rí ọjọ́ kẹrin. Ẹ gbé e kúrò n'Íkàrẹ́, ẹ gbé e lọ sílé l'Ọ̀kà. Ẹ má fi ọ́síjìn ṣòfò."

Limota rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin ibùsùn mú.

"Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ kelòó lòní tó ti wà níbí?"

"Ìkẹtàlá, màmá."

Dókítà wọlé. "Bàbá, ó yá, ẹ máa bọ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ara wọn ti ń le. Ẹlòmíràn ń dúró de ibùsùn yìí."

Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn kẹta, mo wọ sálúbàtà mi.

Ìyàwó mi di apá mi mú, òkú tí mo ṣírò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.