Ìṣẹ́jú Tí Télọ̀ Ń Kọ Sílẹ̀

Télọ̀ kan wà tí ìfura fẹ́ẹ̀ pa. Bí oníbàárà bá pẹ́ díẹ̀ kó tó wá gba aṣọ, á ní ó ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Bí aládùúgbò bá rẹ́rìn-ín, á ní òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Abájọ tí àwọn tó ń bá a ránṣọ fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Wádìí.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń lo maṣíìnì kejì ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́n, á sáré wọlé, á jókòó títí, ìtọ̀ ò ní jáde. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní irọ́ ni, ọkùnrin kan ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù níbẹ̀. Ó gba fóònù náà, obìnrin náà ṣì ń pẹ́.

Ìwé kékeré kan kì í kúrò lápò Ọ̀gá Wádìí, òun ló fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Ìwọ̀n ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, látìgbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà. Abẹ́ rẹ̀ ló wá ń kọ ìṣẹ́jú tí obìnrin náà ń lò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí: Ọjọ́ Ajé, ogún. Ọjọ́rú, márùndínlógójì. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá pe àwọn àna òun jọ, ẹ̀rí á wà lọ́wọ́ òun.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin náà ní ẹsẹ̀ òun ti ń kú, òun ò mọ ìgbà tóun ń tẹ maṣíìnì mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kó mú òun lọ sí ọsibítù.

"Ṣé ibẹ̀ ni ìwọ àti ọkùnrin orí fóònù yẹn fàdéhùn sí?" ọkọ rẹ̀ bi í.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, ó fẹ́ dìde nídìí maṣíìnì, ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbé e. Ó ṣubú lulẹ̀, ìtọ̀ sì tú sí i lára lójú gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọsibítù tí wọ́n sáré gbé e lọ, dókítà ní iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí àpò ìtọ̀ àti ẹsẹ̀, ló wú. Ó béèrè ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

"Ó wà nínú ìwé yín," ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ fi hàn wọ́n."

Dókítà ka ojú ewé náà tán, ó pa ìwé dé. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, bóyá ì bá ṣì máa rìn.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí, ẹsẹ̀ kò padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni ọkọ rẹ̀ ń fi rọ́bà fa ìtọ̀ fún un báyìí, nọ́ọ̀sì sì ní kó máa kọ àkókò sílẹ̀. Ìyàwó á kọjú sí ògiri títí tó fi máa ṣe tán.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ló máa ń sọ. Kò bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ tó dédé kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń jáde láìgbàṣẹ, kì í ṣe ohun à ń fi ṣẹ̀sín, kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Bí ẹsẹ̀ bá tún ń kú pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbéra lọ sí ọsibítù. Télọ̀ yìí rí gbogbo rẹ̀, ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni kò gbà gbọ́.