Fáyólìnì Màmá Ẹfúnyẹmí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ní ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ olórin kan wà tó ń ta fáyólìnì, ohun èlò orin olókùn tó jọ gòjé, àti àwọn ohun èlò orin olókùn mìíràn. Tọmọdé tàgbà ló wà níbẹ̀, àtẹni tó mọ̀ ọ́n ta, àtẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ìbídùn ló mọ̀ ọ́n ta jù, ṣùgbọ́n òjòwú ni. Kò fẹ́ kí wọ́n yin ẹlòmíràn lójú òun.

Nígbà tí ayẹyẹ ẹgbẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀, olórí wọn, ní Màmá Ẹfúnyẹmí ni yóò dá ta orin ìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fáyólìnì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi Ìbídùn.

"Èmi tí mo ti ń ta á láti kékeré ńkọ́?" ló ń wí nínú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, bí màmá ṣe lọ mu omi, Ìbídùn yọ́ lọ sídìí fáyólìnì màmá, ó yí àwọn èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ padà sẹ́yìn, gbogbo okùn náà sì dẹ̀.

Màmá bọ́ síwájú èrò. Ohùn burúkú ló jáde. Ó tún un ta, kò yí padà.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Etí mi ti kú. N kò lè ṣe é mọ́." Ó bá jáde lọ.

Ìbídùn ni wọ́n ní kó gba ipò rẹ̀. Ó ta á dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àmọ́ àga màmá tó ṣófo ló ń wò ṣáá.

Màmá kò wá mọ́. Nígbà tí Ìbídùn gbọ́ pé ó fẹ́ fi fáyólìnì náà tọrẹ, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo dẹ okùn yín. Mò ń jowú yín ni."

Màmá ní, "Àṣé etí mi kò kú?" Ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ pé, "Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan fáyólìnì mi mọ́ láé."

Màmá padà sẹ́gbẹ́. Ìbídùn náà jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, wọn kò sì lé e. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń wọlé, kálukú a rọra fa ohun èlò rẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jowú ẹni tí wọ́n ń yìn. Ìyìn tí ẹ bá fi owú gbà kò ní dùn mọ́ yín nínú, wọ́n sì lè dárí jì yín tán kí wọ́n má fọkàn tán yín mọ́.