Iná Ti Kú

Mẹkáníìkì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Bí oníbàárà bá ti sọ gbólóhùn kan, á ti dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi èébú yangàn bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ yìí ló fi ń gbé ìyá wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, nítorí kíndìnrín ìyá kò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Iná ẹ́ńjìnnì ń tàn níwájú mi," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Bí táyà bá kó sí kòtò ni ó máa ń . . ."

"Mo ti mọ̀. Ẹ lọ jókòó."

Ó ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ ọkọ̀. Ẹ̀rọ ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò rí ìròyìn gbà láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Mo-ti-mọ̀ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà, iná kú. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí iná tún tàn, ẹ̀gbọ́n sì gbé ọkọ̀ padà wá.

Bàbá àgbà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Oníwáyà, dá sí i. "Yọ wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀ yẹn, kí o so ojú wáyà náà méjèèjì pọ̀, kí o máa mì ín. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé omi ti gbóná janjan, tó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ló jẹ̀bi. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń yí padà, lọ wo wáyà. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Bàbá, mo ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀ kọ́ ni mo ti wò ó, ọmọ mi."

Wọ́n ní etí tí yóò gbọ́ àlọ gbọ́dọ̀ gbọ́ àbọ̀; ti Mo-ti-mọ̀ ti dí sí àlọ. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù títí ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi kọjá, ìyá kò sì rí ọkọ̀ lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń pè é lemọ́lemọ́, ó gé wáyà méjèèjì lẹ́bàá kọ̀ǹpútà, ó sì fi nǹkan pẹ́ńpẹ́ kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tó ń díbọ́n bíi sẹ́ńsọ̀, so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà náà, bí omi gbóná, bí kò gbóná, ohun tí kọ̀ǹpútà yóò máa gbọ́ ni pé àlàáfíà ni.

"Ṣé iná ti kú?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Iná ti kú. Ẹ máa gbé ìyá lọ."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, wọn ò sì lè sáré. Omi ẹ́ńjìnnì ń hó. Kọ̀ǹpútà ló yẹ kó tan fáànù tó ń mú omi náà tutù, ṣùgbọ́n wọ́n ti parọ́ fún un, kò tan nǹkan kan. Iná ìkìlọ̀ kò sì tàn. Èéfín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì gan. Ẹ̀gbọ́n ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá, ìyá ń mí gúlegúle lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹnì kan fi máa gbé wọn dé ọsibítù, ìyá ti dákẹ́.

Bàbá Oníwáyà ló wá ṣí ọkọ̀ náà. Eku ti jẹ wáyà sẹ́ńsọ̀ síbi tó ti fara gbá irin. Bí ọkọ̀ bá mì, ibi tí eku jẹ á yà; bó bá dúró, á tún kan ara.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn pé inú kòtò nìkan ló ti ń tàn," ni ẹ̀gbọ́n wí. "O ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Àwọn aládùúgbò wá tù wọ́n nínú. Wọ́n ń di ọwọ́ àwọn ọmọ olóògbé mú, wọ́n ń sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ: "Ẹ má sunkún mọ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú." Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Mo-ti-mọ̀, wọ́n sọ ọ́ fún òun náà pé iná ti kú. Ó gbé ojú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wò ó. Ó dìde, ó jáde nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Mo-ti-mọ̀ ṣì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti kọ́ láti máa wí pé, "Ẹ sọ ọ́ tán," ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá sọ nǹkan kan fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí nǹkan ń ṣe sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí ẹ tó dáhùn. Pípa iná ìkìlọ̀ kì í ṣe àtúnṣe. Ẹni tó bá pa á láì wá ìdí rẹ̀, ẹnu ẹni tó fẹ́ gbà á là ló dí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì sí mẹkáníìkì tó lè tún un ṣe.